Aṣọ Ọkọ̀ Idwal

Ní Porthmadog, òjò kì í béèrè ọ̀nà,
ó ti mọ ilé gbogbo wa.
Ó ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Tegwen wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi,
ọkọ̀ funfun tó ti pọ́n bí eyín arúgbó,
tí páìpù ń ró gbàngàn nínú rẹ̀.
"Bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀," ó ní.
"Kí o wọ tuntun fún un."

Iṣẹ́ télọ̀ ni èmi Gethin ń ṣe,
àmọ́ ẹni tí mò ń rán aṣọ fún kì í sanra, kì í rù,
kì í sọ pé ọrùn ẹ̀wù há.
Ike fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ni aṣọ mi.
Màá nà án, màá fọwọ́ pa á lára,
màá lé afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀
títí yóò fi gbà pé irin ni òun.
Wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò;
àgúnmu tèmi, ojú la fi ń lá a.

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, èmi náà ni mo lẹ lẹ́tà mọ́ ọn:
IDWAL PROSSER ÀTI ỌMỌKÙNRIN RẸ̀.
Ọmọkùnrin kankan ò sí.
Tegwen nìkan ló bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ń jẹ búrẹ́dì.
Mo wo Idwal. Idwal wo bàtà rẹ̀.
"Àwọn oníbàárà," ó ní, "wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ ní àrólé."

Mo tan ìbọn afẹ́fẹ́ gbígbóná.
Lẹ́tà ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ègbo tó jinná.
Ìgbà tí mo ká èyí tó kẹ́yìn tán,
orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀.
Oòrùn díẹ̀ tí a ní ti sọ gbogbo ara ọkọ̀ di àgbà,
àmọ́ abẹ́ lẹ́tà kò dàgbà,
ó funfun bí ọjọ́ tí Idwal ń wo bàtà.

Tegwen na ìka.
"Ṣé kò lè lọ ni?"
Mo ní aṣọ tuntun á bò ó.

A jókòó ti tíì. Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo wọn:
jẹ́ kí nọ́ńbà tóbi ju àwòrán lọ,
ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta;
ọ̀rọ̀ gígùn, ó di títì mìíràn.
Má bú awakọ̀ kankan mọ́ láéláé.
Sì ṣọ́ ibi tí o bá gbé e sí:
bàbá rẹ gbé e síwájú ilé Mair Cadwaladr ní òru mẹ́ta,
bọ́ílà ló bàjẹ́, ọ̀gbẹ́ni, bọ́ílà ni,
ṣùgbọ́n ẹnu ni gbogbo ìlú fi bá wọn tún un ṣe.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú àwọ̀ ewé, ó mú ẹ̀rọ omi kan tó ń kán,
ó san ìdajì owó, ó ní ìdajì yòókù di oṣù tó ń bọ̀.
Mo ti bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tán,
mo ti di ẹ̀yìn mú, kó tó pariwo:
"Dúró. Bo KÙNRIN.
Fi ỌMỌ sílẹ̀."

Mo ní kò dára fún òwò.
Funfun lórí funfun, ta ni yóò kà á?
Kò dá mi lóhùn.
Mo fi abẹ gé fèrèsé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì
sínú aṣọ olówó ńlá.

Ó wà á jáde sínú òjò.
Ní iná pupa àkọ́kọ́, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀
yọ fóònù, ó ya ẹ̀yìn ọkọ̀ ní fọ́tò.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ń rùn fún gọ́ọ̀mù.
N kò mọ̀ bóyá nọ́ńbà ló ń wá.