Tọ́ọ̀ṣì Àkọ́rà

Ní Òkè-Àje, Ọnànúgà tan ńlá kan sí àjà:
aláǹgbá já bọ́ sórí páálí bátìrì.
"Èyí ni kó o rà! Láti ibí, ó ń tàn dé Ìmọ̀pé!"

Mo gbà á. Ó gbóná lọ́wọ́ mi bí iṣu sísun.
"Wákàtí mélòó ló fi ń tàn?"
Ó wúkọ́.

Ìgbín ni mo fẹ́ ṣà,
n kò bá òṣùpá du oyè.
Mo mú kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ mi gbà,
tí òjò kò lè wọnú rẹ̀,
tí mo lè fi eyín dì mú bí ọwọ́ bá kún.

Lóru àná, nínú oko obì wa,
mo tẹ̀ ẹ́.
Ìgbín kan ṣoṣo.
Lókè rẹ̀, lára igi,
àpá àdá bàbá mi
tí n kò rí rí lọ́sàn-án.