Gbólóhùn Tí N Kò Kọ

Ní kíláàsì alẹ́ wa ní Kárù,
níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé,
Tíṣà Bitrus kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sára pátákó:
kohábíìtì.
Ó ní, "Gbé pọ̀ ni. Kálukú fi ṣe gbólóhùn kan."

Mo kọ ọ́ pé èmi àti Ládì
ń kohábíìtì tugẹ́dà ní Mararaba.
Ẹnu ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo la ti ń pọn,
adìyẹ rẹ̀ ń yé ẹyin sábẹ́ fèrèsé mi.
Ó dá mi lójú bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ìwé mi padà wá, bírò pupa ti là á lójú méjì.
Àkọ́kọ́: "pọ̀" ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀
bí ata ṣe ń wà lára súyà,
kí ni mo tún ń bu ata lé e fún?
Ìkejì (ó nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sára káfútáànì):
"Màdáàmù Adùnọlá, a kì í lò ó fún aládùúgbò.
A kì í sì sábà lò ó fún ọkọ tó ti san owó orí.
Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn,
tí mọ̀lẹ́bí ò tíì jókòó lé ọ̀rọ̀ wọn,
àwọn gan-an la ṣe é fún."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kọ́pùrà Danjuma lu tábìlì.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá mo ń ka ọdún lórí ìka:
mẹ́fà, ó ku oṣù méjì kó di méje.

Oyètádé ti dúró dè mí ní títì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
bó ti ń ṣe lálaalẹ́ Ọjọ́rú.
Ó gbé báàgì mi.
Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n gbé:
ó ń gbé jálá omi, ó ń gbé sílíńdà gáàsì,
ó gbé mi sẹ́yìn dé ọsibítù
lóru tí oyún bà jẹ́ lára mi.
Ó bá mi gbé.
Gbé kan náà ni, ohùn kan náà,
ìyàwó nìkan ni kò tíì gbé.
Bàbá mi ní Ìgbẹ́tì ṣì ń béèrè
"ọmọkùnrin tó ń gbé nítòsí yín yẹn."

"Kí lẹ kọ́ lónìí?"
"Ọ̀rọ̀-ìṣe kan."
"Ṣé ó le?"
"Kò le. Kò kàn fẹ́ 'pọ̀' lẹ́yìn ni."
Ó tún un pè, ó tún un pè, kohábíìtì,
ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ bisikíìtì.

Tíṣà ní ká mú gbólóhùn mìíràn wá.
Iná ti lọ. Mo fi ìmọ́lẹ̀ fóònù kọ "èmi".
Mo kọ "àti".
Oyètádé ti sùn,
apá rẹ̀ wà lórí ibi tó kù nínú ìwé náà.