Ẹsẹ̀ Ni Kí O Fi Sún Mọ́ Ọn

Kámẹ́rà Otilia kò ju páálí ọṣẹ lọ,
ike lásán, rọ́bà ló so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ pa.
Ojú kan ṣoṣo ló ní; kì í fa nǹkan jìnnà mọ́ra.
Ọjà àlòkù ló ti rà á ní Castro,
owó rẹ̀ kò ra bàtà òjò ẹsẹ̀ kan.

Òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú omi
tó ń gbé wa sọdá sí erékùṣù Quinchao,
òun náà ló kọ́ mi ní wíwò.
"Ẹsẹ̀ ni kí o fi sún mọ́ ọn," ló wí.
"Bí ọkọ̀ bá kéré lójú rẹ, rìn lọ bá a.
Ṣùgbọ́n tó bá ku ìgbésẹ̀ méjì, dúró:
ike yìí kì í ríran nítòsí, bíi ti ìyá mi àgbà."

Òjò Chiloé dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
Àwọn arìnrìn-àjò a ki kámẹ́rà olówó ńlá bọ àpò,
Otilia a bọ́ síta,
ọ̀rá búrẹ́dì lórí ike rẹ̀.
"Wò ó, ojú ọjọ́ ṣú, kò sí ẹni tó ń di ojú,
òjìji kò jẹ imú ẹnikẹ́ni."
Ọ̀sán tí oòrùn yọ, tí mo kọjú sí i gan-an,
etí ló fi yí mi padà.

Létí omi, Belarmino ń fi ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè kun ọkọ̀.
Ó rí wa, ó ṣí fìlà, ó dúró gbọnrangandan
bí ẹni tó fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù.
Otilia lóṣòó, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.
Ó so ó títí
tí ọkùnrin náà fi gbàgbé wa,
tí búrọ́ọ̀ṣì padà sára pákó.
"Ó yá. Fún ìgúnpá mọ́ ìhà. Má mí."
Pà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kí fíìmù tó ti Puerto Montt dé.
Márùn-ún ṣú bí ìdí ìkòkò,
àtàǹpàkò mi gba igun méjì, pupa bí òkè tó ń jó.
Ẹyọ kan ni ti Belarmino:
ọ̀dà dé ìgúnpá, ahọ́n yọ díẹ̀ létè,
àwọn ilé onípákó lẹ́yìn rẹ̀ nínú omi, lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín.
Òkun nìkan ló fì sápá òsì; ọwọ́ mi ló gbọ̀n.
Mo ní kí n fà á ya.
Otilia ní èyí tí a yà, a kì í fà á ya.

Ó wà lára ògiri Belarmino títí dòní,
férémù rẹ̀ wọ́, àlejò a máa fẹ́ tún un ṣe.
Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀.
Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ báyẹn,
kí òkun lè dọ́gba.