Kámẹ́rà Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Ìdajì owó ṣọ́ọ̀bù ni Mejàbí gbà lọ́wọ́ mi ní Kàbà.
Ó ní Dùbáì lòun ti gbé e, láàrin ṣòkòtò méjì.
Mo ní, "Wáràńtì ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé wáràńtì lo fẹ́ fi ya fọ́tò ni?"

Ọdún kan àti oṣù méjì, kò já mi kulẹ̀.
Ó ya òkè Ògìdì nínú kùrukùru,
ó ya ìyá Mẹ́dùpín níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí,
tó gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Eruku wọ ọ́.
Ojú rẹ̀ há ní ìdajì, kò ṣí, kò padé.

Mo gbé e dé Èkó. Ọmọ tó jókòó ní káńtà
dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀:
"Tiwa kọ́ nìyí."

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Owó tí n kò ní ńkọ́?

Jẹ́mirín tó ń tún rédíò ṣe ló fi ìyẹ́ adìẹ gbọn eruku rẹ̀.
Ó ṣí. Ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ báyìí, bí eyín arúgbó.

Ká ní mo dúró de owó ṣọ́ọ̀bù ni,
ìyá Mẹ́dùpín ì bá ti wọlẹ̀ láìní àwòrán.