Ará Òkè Òsì

Tíṣà Olúkòtún kì í sáré kàwé.
A máa fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò
bí ẹni tẹ ìbẹ́pẹ wò bóyá ó ti rọ̀,
títí ó fi kan wòlíì kékeré kan
tí a kì í sábà ṣí ojú ewé rẹ̀:
Nahumu, ará Elkoṣi.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Etí mi kò gbọ́ Elkoṣi.
Òkè Òsì ni mo gbọ́.
Mo sì mọ Òkè Òsì.
Bí o bá ti Mòpà bọ̀, tí o kọjá kòtò oníyẹ̀pẹ̀ pupa,
òun ni àpáta tó jókòó lọ́wọ́ òsì rẹ,
orí rẹ̀ pá, igi osè kan ṣoṣo létí rẹ̀
bí irun tí abẹ fò dá.
Mo wo ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà níbẹ̀.
Wòlíì Ọlọ́run, ọmọ àdúgbò wa!
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pariwo?

Mo rò ó fún Ìyé lálẹ́, ó ń pa ẹ̀pà.
Kò rẹ́rìn-ín.
"Ènìyàn gbé òkè yẹn rí," ló wí,
ó gbọn èèpo kúrò lẹ́sẹ̀.
"Bàbá bàbá rẹ, Mèdúpin ará Òkè ni wọ́n ń pè é.
Ilé kò sí mọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe ilé kò sí mọ́.
Ó ku *ará* nìkan."

Nígbà tí iná ọ̀ẹrùn fá irùngbọ̀n òkè náà tán,
èmi àti Ọlọ́runnípa gùn ún,
à ń wá wòlíì.
Ojú ọlọ la bá, mọ́kànlá,
tí wọ́n ti lọ̀ wọ inú àpáta bí àwo ọbẹ̀.
Eérú ìgbẹ́ kún inú wọn bí ìyẹ̀fun,
bí ẹni pé àwọn obìnrin ṣì ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́,
wọ́n gbọ́ ohun kan,
wọ́n dìde.

Àwọn ẹlẹ́ṣin ni. Ìyé ti sọ.
Láti ìkọjá Odò Ọya ni wọ́n ti wá.
Ẹṣin kò lè gun àpáta,
ṣùgbọ́n ebi ń gùn ún.

Wòlíì náà mọ ẹlẹ́ṣin.
Ninefe ló dojú ọ̀rọ̀ kọ, ìlú ńlá, ìlú ẹ̀jẹ̀.
Nípa ìlú tirẹ̀, kò wí nǹkan kan:
bóyá omi kànga ibẹ̀ dùn,
bóyá ẹnìkan ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Ó kàn so ó mọ́ orúkọ ara rẹ̀
bí ìyá arúgbó ti í so owó mọ́ etí ìró,
ó sì gba àárín ayé kọjá.

Mo ti dàgbà. Mo ti bi àwọn tó kàwé jù mí lọ.
Ọ̀kan ní Galili ni. Ọ̀kan ní ẹ̀bá Mosulu ni, ibojì wà níbẹ̀.
Ọ̀kan ní rárá, gúúsù Juda ni.
Ilẹ̀ mẹ́ta ń du ìlú kan tó sọnù!
Ta ló ń du òkè tèmi,
bí kò ṣe àwọn tó ń fọ́ òkúta,
tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i nídìí?

Lánàá mo lọ gba káàdì ìdánimọ̀.
Akọ̀wé bi mí: "Abúlé?"
Mo ní, Òkè Òsì.
Ó wo inú ẹ̀rọ. "Kò sí níbí."
Mo ní, mo mọ̀.
Ọmọ Ìyàrá ni. Ó wojú mi pẹ́.
"Okun o, Bàbá," ló wí,
ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́,
lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, bíi Tíṣà.

Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn.
Oke Osi ló jáde.
Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ iwájú
yóò pè é bó ṣe wù ú.