Ojú Bí Èékánná

Ní Punta Arenas, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ́ igi ní ìdọ̀bálẹ̀,
mo jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé,
mo ń gé àwòrán wẹ́wẹ́.
Ẹgbàajì fíìmù ló wà nínú àpótí tí kò ní ìdérí,
tí kò ní ìsàlẹ̀, tí ọwọ́ kò lè kàn:
àgùntàn tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀,
ọkọ̀ ojú omi, ìgbéyàwó, ìsìnkú,
ajá kan tó ń lépa ìrù ara rẹ̀.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni kí n fún ní ojú kan,
ojú tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
kí àlejò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà
lè mọ ilé tó fẹ́ wọ̀.

Kọ̀ǹpútà ní òun lè bá mi ṣe é.
Ó pín fíìmù sí méjì, ó mú àárín:
ògiri. Òkùnkùn. Ìpàkọ́ ẹnì kan.
Níbi ìsìnkú Bàbá Kusanović, ẹsẹ̀ àga ló fi hàn mí.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Àárín nǹkan kọ́ ni ọkàn rẹ̀;
ẹni tó la ọsàn sí méjì, kóró ló kọ́kọ́ rí.

Mo wá ń wò wọ́n fúnra mi,
títí tíì mi á fi tutù bí imú ajá,
mo ń ṣọ́ ìgbà tí ojú á là:
ọwọ́ ìyàwó tó ń gbọ̀n lórí ọ̀bẹ,
àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ olùrẹ́run,
tó dúró ní ìhòòhò, tí ojú ń tì í.
Mo fà á yọ, mo gé e, mo dín in kù.
Bó ṣe ń kéré sí i, ojú ọ̀run á kọ́kọ́ lọ,
lẹ́yìn náà àwọn ìka,
lẹ́yìn náà ẹ̀rín.
Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni mo ń gbé síta.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀rọ̀ tó ń yọjú.
Bí ẹ bá gbé ọfà lé àwòrán, tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́,
ọ̀rọ̀ kan á yọ bí ẹni tó ká aṣọ fèrèsé,
bí ẹ bá sì kúrò, á padà wọlé.
Marisol Barría, ọ̀gá mi, ní kó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ.
"A ò ní kí o sọ ìtàn, kí wọn ni kí o kí wọn."
Ìkíni tí kì í dúró gba èsì!

Fíìmù kẹtàdínlógún nínú ẹrù Río Verde:
obìnrin kan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí,
ó wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.
Mo kọ ọ́: Obìnrin tí a kò mọ̀, nídìí irun àgùntàn.
Mo kà á. Mẹ́jọ géérégé.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá kan wọlé, Eleuterio Chiguay,
yìnyín ṣì wà ní èjìká ẹ̀wù rẹ̀.
Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kò sí mọ́,
ẹ̀rọ ìrẹ́run ti gbé e lọ láti ìgbà èwe.
Ọfà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí àwòrán náà,
ọ̀rọ̀ ń yọ, ọ̀rọ̀ ń pa rẹ́.
Ó kà á sókè. Ó tún un kà.
"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"
Mo dákẹ́.
"Domitila Nahuelquín ni. Kò sọ́jọ́ tí ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ kì í jó.
Òun ló bí mi."

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi, èékánná ni mo wò.

Mo pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀,
mo kọ irun àgùntàn, mo kọ ọbẹ̀ tó ń jó.
Marisol kà á, ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá,
ó mú kọfí rẹ̀, ó lọ.
Bàbá náà gbé ọfà kúrò, ó tún gbé e padà,
bí ọmọdé tó ń kan ilẹ̀kùn tó ń sá,
títí a fi fẹ́ ti ilé.
Fíìmù náà gan-an, kò tẹ̀ ẹ́.
Ó ní ó di ọ̀la.