Ìfẹ́ Ìṣọ̀lá

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń wá àṣìṣe
ní ilé ìtẹ̀wé Látúnjí, lókè Mọ́kọ́lá,
báírò pupa létí, awò lórí imú.
Iṣẹ́ mi kò ju kí n mú ọ̀rọ̀ òyìnbó
kí n bi í pé: ta lo bá wá?

Nítorí ọ̀rọ̀ òyìnbó kì í dá rìn.
Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ ní Bẹẹrẹ,
a gbé ọ̀kan ti èkejì, ó parí.
Òyìnbó ní rárá, tuù ni kó wà láàárín wọn,
bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ṣì ń rìnrìn àjò,
kò tíì dé ẹnu ọ̀nà.
Ìdí àti okùnfà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lójú tèmi,
síbẹ̀ fọ́ọ̀ ló fẹ́ ọ̀kan, ọ́fù ló fẹ́ èkejì.
Mi ò bá wọn jà.
Mo kọ́ wọn sórí bí ẹní kọ́ orúkọ àna.
Ọ́fù nìkan ni mo máa ń fura sí,
ayálégbé tí kò sí yàrá tí kò lè wọ̀.

Ọjọ́rú kan, òjò ń lu páànù
títí a fi ń kígbe bá ara wa sọ̀rọ̀,
Màmá Wúràọlá wọlé pẹ̀lú bébà nínú ọ̀rá.
Ìwé ìrántí ọdún kan ọkọ rẹ̀ ni,
ọkọ tó ṣe gáàdì rélùwéè ní Dùgbẹ̀
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń jí àwọn ọmọdé.
Àwọn ọmọ wà ní Kánádà. Wọ́n ní òyìnbó ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́.
Ó ku ìlà kan ṣoṣo tí yóò wà lábẹ́ fọ́tò.
"Ìfẹ́ Ìṣọ̀lá," ló wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo gbé báírò. Mo gbé e kalẹ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ìfẹ́ tí Ìṣọ̀lá ní sí yín ni,
àbí èyí tí ẹ̀yin ní sí i?"
Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bá mi
ya omi àná kúrò lára omi òní nínú àmù.
"Ṣé méjì ni?"

Mo ní òyìnbó ní méjì ni.
Fọ́ọ̀ wà fún èyí tó ń ti ọwọ́ yín lọ.
Èyí tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ̀,
wọn a so àmì kékeré kan mọ́ ìdí orúkọ rẹ̀
bí okùn ewúrẹ́.
Látúnjí pariwo látìdí ẹ̀rọ:
"Fi ọ́fù sí i jàre! Iná ò ní pẹ́ lọ!"

Ó jókòó. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún mi.
Pé tó bá ti Òṣogbo dé, inú fìlà ló ń di ẹ̀pà sísun sí,
òórùn ẹ̀pà a gba fìlà, òun a bínú,
òun náà ni yóò sì fọ̀ ọ́.
"Ẹ̀pà yẹn, ta ló ni ín?
Ẹni tó rà á ni, àbí ẹni tó fọ fìlà?"
Mi ò ní èsì.
Èsì pàápàá, tuù ló ń tẹ̀lé e lédè òyìnbó.
Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, kò ràn mí lọ́wọ́.

Ó ní kí n fi í sílẹ̀ ní Yorùbá,
kí Kánádà lọ bi ara rẹ̀ léèrè.
Mo tò ó: ọ̀rọ̀ méjì, àlàfo kan láàárín.
Mo wo àlàfo yẹn pẹ́.
Báírò pupa kò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Nígbà tí mo délé ní Odò-Ọ̀nà,
ìyàwó mi ti bo oúnjẹ mi, ó ti sùn.
Mo jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn.
Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.
Mi ò fa ilà sí i.